Obìnrin Inú Eruku

Òórùn sípírítì ni òórùn ọjọ́ Àìkú nílé wa. Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń ròyìn ìgbà èwe wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí àkàrà gbígbóná àti òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Kí Ọlọ́run bá wọn tọ́jú ìrántí wọn. Nílé tiwa ní Ìjẹmọ̀, bí bàbá mi bá ti dé láti Àsáláátù, wọn ò ní tíì bọ́ jalabíà ọrùn wọn tí wọ́n á fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n á tú ìdérí fídíò, wọ́n á wé òwú mọ́ ẹyọ ọwọ̀ kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ sípírítì, wọ́n á wá máa nu orí fídíò náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Ọmọ márùn-ún ni wá nínú ilé yẹn. Kò sí èyí tí wọ́n nu orí fún bẹ́ẹ̀ rí nínú wa. Bí orí bá ń fọ́ wa, wọ́n á ní ká lọ sùn.

Ẹ̀yin náà ò ní tíì gbàgbé pé bí orí fídíò bá dọ̀tí, ńṣe ni àwòrán á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bàbá mi kò sì lè jẹ́ kí ibà mú ẹnikẹ́ni lójú àwọn àlejò wọn. Àwọn àlejò yìí ò ju méjì lọ, ṣùgbọ́n ariwo wọn tó ti ogún èèyàn. Ọ̀kan ni Alhájì Onísìmẹ́ntì, ọ̀rẹ́ bàbá mi, tó ń kó sìmẹ́ntì láti Ewékorò wá sí Abẹ́òkúta, tó ní tírélà, tó sì máa ń rí i dájú pé ẹni tó bá bá òun sọ̀rọ̀ ò ní lọ láìmọ̀ pé òun ní tírélà. Èkejì ni Bàbá Tíṣà, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó yá yàrá méjì lẹ́yìn ilé wa. Lẹ́yìn Àsáláátù, àwọn méjèèjì á wọlé, ìyá mi á gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú wọn, a ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ fídíò, iyàn á sì bẹ̀rẹ̀.

Wọn kì í jiyàn lórí ìtàn fíìmù o. Ta ló rójú ìtàn? Ìyàwó kékeré á fi oògùn sí ọbẹ̀, ìyáálé á sunkún, gbogbo wa la ti mọ̀ ọ́n kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń jà sí ni àwòrán. Nínú gbogbo fíìmù tí a ti wò, èwo ni àwòrán rẹ̀ dáa jù? Ìbéèrè yìí ni wọ́n fi ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan ò sì yí ẹnì kejì lọ́kàn padà rí, àfi ìgbà kan ṣoṣo tí mo fẹ́ sọ yìí.

Olúkúlùkù ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Fún Alhájì Onísìmẹ́ntì, fíìmù tí àwòrán rẹ̀ dáa ni fíìmù tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá ti ń wo fíìmù, ó ń kà wọ́n lábẹ́ ẹ̀mí, bí wọ́n bá sì gbé kámẹ́rà wọ oko, á mí kanlẹ̀, á ní owó ti tán lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí. Fún Bàbá Tíṣà, ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ló wà tí Ọlọ́run ò gbọdọ̀ foríji ayàwòrán, òun ni kó gé orí èèyàn kúrò nínú àwòrán. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á wá nawọ́ sí tẹlifíṣàn. "Ẹ wo ti àgbà yìí, kò tilẹ̀ sí orí níbẹ̀ rárá ká tó sọ pé ó wọ́."

Ti bàbá mi ló burú jù. Àwọ̀ ni ti bàbá mi. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo tẹlifíṣàn aláwọ̀ dúdú àti funfun, ìgbà tí Ọlọ́run sì bùkún ọjà abọ́ tí wọ́n ń tà ní Kútọ̀, wọ́n ra èyí tó láwọ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbà pé owó àwọ̀ ni àwọn san, kò sì sí ìdí tí èèyàn á fi san owó gbogbo àwọ̀ tán kó wá máa lo ìdajì. "Ràmọ́tà, fi kọ́lọ̀ sí i." Èmi á yí i. "Fi sí i." Èmi á tún yí i. Nígbà tí mo bá fi máa dúró, gbogbo èèyàn inú fíìmù ti pupa bí ẹni tó jábọ́ sínú agbada epo, ewé ti di àwọ̀ tí ewé kan ò ní láyé, bàbá mi á wá fẹ̀yìn ti àga wọn, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí bí àwòrán ṣe ń dán?"

Ẹ má bi mí pé rimóòtù ńkọ́. Rimóòtù wà. Bàbá mi ti fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì ti gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù kó má baà gbó. Èmi ni rimóòtù ilé wa. Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn ni mo máa ń jókòó sí, ọrùn mi á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì ní àṣẹ láti fọwọ́ kan kọ́lọ̀ yẹn nígbà tí bàbá mi bá ní kí n fi kún un. Kò sí àṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni dín in kù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dín in kù lọ́jọ́ kan, ó jẹ́wọ́ kí bẹ́líìtì tó dé ẹ̀ẹ̀kejì.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, Sìkírá, ló ń lọ yá kásẹ́ẹ̀tì fún wa. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, àwa méjèèjì la jọ ń sun orí ẹní kan, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá tún fi "ẹ" pe òun lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á já etí mi, nítorí òun kì í ṣe arúgbó. Ìyá wọn, ìyá bàbá mi, kú nígbà tí Sìkírá ṣì kéré. Abúlé kan lẹ́bàá Ewékorò ni màmá náà gbé títí tí wọ́n fi kú, gàrí ni wọ́n ń rù lọ sọ́jà ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, bàbá mi ló sì lọ gbé ọmọ wọn tó kéré jù wá sílé. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n ni bàbá mi jẹ́ fún un, bàbá ni wọ́n jẹ́ fún un, ẹni tó máa fi í fọ́kọ náà ni wọ́n sì jẹ́. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, Sìkírá á ru abọ́ bàbá mi lọ tà fún àwọn obìnrin Ewékorò. Ó mọ ọjà tà. Ìyá mi máa ń sọ pé tí wọ́n bá ní kó ta afẹ́fẹ́, á mú owó bọ̀.

Ní Ewékorò yìí ni Alhájì Onísìmẹ́ntì ti ń rí i lọ́nà, ó sì wù ú láti fi ṣe ìyàwó kẹta. Ó sọ fún bàbá mi. Bàbá mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jẹ́ kó máa jókòó sórí àga tó ní tìmùtìmù. Wọ́n ti fẹnu kò pé lẹ́yìn Iléyá ni Alhájì á kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tó bi Sìkírá. Mo mọ̀ pé kò fẹ́, nítorí orí ẹní kan náà la jọ wà, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Wàhábì ló fẹ́. Wàhábì ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan ní Ìbarà, lẹ́bàá àwọn ọ́fíìsì ìjọba, níbi tó ti ń ya fọ́tò pélébé fún àwọn tó ń wáṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń gbé kámẹ́rà fídíò lọ síbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, àwọn onífíìmù náà sì máa ń pè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tínrín ni, kò lè sọ̀rọ̀ tó gùn, ó sì ní ìwà kan tí kò bá ojú bàbá mi mu, bó bá ń wo nǹkan, á dákẹ́ wò ó pẹ́. Nígbà tó wá fi ara rẹ̀ hàn nílé wa, ojú fèrèsé ló ń wò, ibi tí oòrùn ti wọlé sórí ẹní. Bàbá mi bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kámẹ́rà ni. Bàbá mi ní àwọn mọ̀ pé kámẹ́rà ló gbé dání, iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn ń bi.

Ọjọ́ Àìkú ni, àwọn oníyàn méjèèjì wà níjókòó. Bàbá mi rí àwùjọ, àwùjọ sì máa ń gun bàbá mi. Wọ́n ní wọn ò rí irú iṣẹ́ yìí rí láyé, kí ọkùnrin máa di ojú kan kó máa fi ìkejì jẹun. Alhájì Onísìmẹ́ntì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ẹ̀rín yẹn ló kó sí bàbá mi lórí, wọ́n bá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n sọ gbólóhùn tí ìyá mi fi ń ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́ títí bàbá mi fi kú:

"Ọjọ́ tí ọmọkùnrin yìí bá ya àwòrán kan tí èmi fi ẹnu ara mi yìn, kó wá mú Sìkírá lọ. Ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀."

Bàbá Tíṣà ní àwọn gbọ́. Wàhábì dọ̀bálẹ̀, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀, ó lọ. Ìyá mi, tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí bí ẹni pé àwọn ò sí níbẹ̀, kàn sọ pé, "Ẹyin lohùn." Wọn ò sọ ìyókù. Bàbá mi ní kí wọ́n máa bó ẹ̀gúsí wọn.

Lóru ọjọ́ yẹn, mo rò pé Sìkírá á sunkún. Ó ní ta ló fẹ́ sunkún. Ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ó sì yíjú sí ògiri, ó sùn. Ẹ̀rù bà mí ju bó bá sunkún lọ.

Oṣù mélòó kan kọjá. Iléyá ku díẹ̀, àwọn àgbò ti ń ké káàkiri àdúgbò. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Sìkírá mú kásẹ́ẹ̀tì wá nínú páálí tí kò ní àwòrán lára. Bàbá mi bi í pé fíìmù kí ni. Ó ní tuntun ni, gbogbo ìgboro ló ń wò ó. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n bàbá mi ò lè fẹ́ kí gbogbo ìgboro ti wo nǹkan kí àwọn má tíì wò ó. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ fídíò. Bí orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù ti ń jáde, mo sáré fò wọ́n kọjá bí mo ṣe máa ń ṣe, nítorí nílé wa, ẹni tó bá ń ka orúkọ ń fi iná ṣòfò ni. A ti wo fíìmù tó lè kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ò sì mọ orúkọ ẹnì kan tó gbé kámẹ́rà nínú wọn. Àwọn tó ń jiyàn lórí àwòrán rèé o. Wọ́n lè bú ayàwòrán láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ṣùgbọ́n pé kó lórúkọ, ìyẹn ò kan ẹnì kankan.

Fíìmù náà ò yàtọ̀. Ìyàwó kékeré, oògùn, ọbẹ̀. Alhájì ti ka pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì péré, inú rẹ̀ ò dùn. Bàbá mi ti ní kí n fi kọ́lọ̀ sí i títí kọ́lọ̀ fi tán nínú tẹlifíṣàn. Àfi bí àwòrán kan ṣe jáde, tí kò lọ́rọ̀ nínú, tí kò sì kan ìtàn náà tó bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà kan ni. Eruku bo ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lọ́ọ̀ọ́kán réré, obìnrin kan ń bọ̀ tòun ti ẹrù lórí. Kámẹ́rà ò sáré lọ bá a. Ó dúró dè é. Tírélà kan kọjá, eruku gbé obìnrin náà mì, a ò rí i mọ́. A dúró. Mo rántí pé mo ń wo eruku lásán, mo sì ń bẹ̀rù. Nígbà tó yá, obìnrin náà yọ láti inú eruku, ẹrù orí rẹ̀ ò wọ́, kò sì fọwọ́ dì í mú, ó kàn ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni pé tírélà kankan ò kọjá. Lórí tẹlifíṣàn pupa tiwa, eruku náà dà bíi wúrà.

Bàbá mi gbé ẹ̀kọ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Dá a padà." Mo dá a padà. A tún wò ó. Wọ́n ní kí n tún dá a padà.

Iyàn wá bẹ̀rẹ̀ bí kò ṣe bẹ̀rẹ̀ rí. Alhájì ní kí ló wà níbẹ̀, kò sílé, kò sọ́nà tó dáa, tírélà yẹn nìkan ló sì níláárí níbẹ̀, bóyá tòun ni pàápàá. Bàbá Tíṣà ní ọmọlúàbí ló ya èyí, pé kò gé orí obìnrin náà, kò sì gé ẹrù tó wà lórí orí. Bàbá mi fà sún mọ́ tẹlifíṣàn títí mo fi ń gbọ́ òórùn sípírítì lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá mi ló ń rìn yẹn," ni wọ́n wí. Ohùn wọn ti yí padà. "Bí wọ́n ṣe máa ń rìn bọ̀ láti ọjà nìyẹn. Ọrùn wọn kì í yẹ̀. A ti wo fíìmù nínú pálọ̀ yìí títí, kò sí èyí tí àwòrán rẹ̀ tó èyí. Ẹni tó ya àwòrán yìí, kí Ọlọ́run má fọ́ ọ lójú. Ó mọ èèyàn wò."

Bàbá mi rèé o, tí wọn ò yin ẹnikẹ́ni rí, tó jẹ́ pé ìgbà tí mo gbé ipò kìíní ní kíláàsì, wọ́n bi mí pé ta ló gbé ipò kejì, bóyá òpè ni gbogbo wọn. Ó yà mí lẹ́nu débi pé mi ò rí ìgbà tí Sìkírá wọlé. Ó gbé ọpọ́n omi dání. Ó gbé e kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì wò mí.

"Ràmọ́tà, dín kọ́lọ̀ kù."

Mo wo bàbá mi. Wọn ò wò mí, tẹlifíṣàn ni wọ́n ń wò. Mo rántí bẹ́líìtì. Mo tún wo Sìkírá, kò gbé ojú kúrò lára mi. Mo yí i wálẹ̀, mo ń yí i lọ, títí epo fi gbẹ kúrò lára gbogbo nǹkan. Wúrà tán. Eruku di funfun. Ìborùn obìnrin náà, tó ti pupa bí ata látàárọ̀, di àwọ̀ wàrà, ó sì ní iṣẹ́ ọnà tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí. Ẹrù orí rẹ̀ di abọ́ tánganran tó ní òdòdó búlúù, ìpele lórí ìpele.

Ọlọ́jà ni bàbá mi. Abọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀.

"Abọ́ mi kọ́ nìyẹn?" Lẹ́yìn náà ni ìborùn, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rà bọ̀ láti Mẹ́kà. Ó wá ku ẹni tó wọ̀ ọ́.

"Èmi ni, Bọ̀dá mi," Sìkírá wí. "Wàhábì ló yà á."

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, bàbá mi gbìyànjú. Irú wọn kì í kú láìjà. Wọ́n ní kọ́lọ̀ ni ó mú àwòrán náà dùn, pé kọ́lọ̀ ti àwọn ni, kì í ṣe ti ọmọkùnrin kankan, bí a bá sì dín in kù bẹ́ẹ̀, ta ló lè fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Bàbá Tíṣà ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, kí Ràmọ́tà dá a padà nígbà náà, ká wò ó bẹ́ẹ̀, kí bàbá mi wá bú u. Mo dá a padà. Obìnrin náà tún ń bọ̀ láti òkèèrè, nínú eruku tó funfun, tírélà gbé e mì, ó tún yọ. Bàbá mi la ẹnu. Mo ń retí èébú. Omi kún ojú wọn, wọn ò nù ún.

"Bí eruku ṣe máa ń funfun lára ìyá mi nìyẹn," wọ́n wí, ó dà bíi pé kì í ṣe àwa ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Bí wọ́n bá wọlé, eruku yẹn á wà ní ìpéǹpéjú wọn."

Alhájì Onísìmẹ́ntì ti ń wá fìlà rẹ̀. Orí rẹ̀ ni fìlà náà wà. Ó ní òun ní ibì kan láti dé, ó kí ìyá mi, ó lọ, kò sì padà jókòó sórí tìmùtìmù yẹn títí Iléyá fi kọjá. Ó dùn mí díẹ̀. Ó máa ń mú búrẹ́dì wá.

Bàbá mi ní ká jẹ́ kí fíìmù náà parí. Nígbà tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo na ọwọ́ láti pa á, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a ka orúkọ nílé wa. Bàbá Tíṣà gbé gíláàsì wọjú, wọ́n ń kà á sókè bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi kan Wàhábì. Bàbá mi mi orí. Ìyá mi, tí wọ́n tún jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí láti àárọ̀, ní, "Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́." Wọ́n ti tọ́jú ìyókù òwe yẹn láti ìgbà yẹn. Bàbá mi dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe àlùwàlá, nígbà tí Àsùbá ti lọ tí Àílà ò sì tíì dé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti yíjú padà.

"Ẹ ní kó wá. Kó má gbé kámẹ́rà wọlé mi o."

Wọ́n so yìgì wọn lẹ́yìn Iléyá. Wàhábì ò lè ya ìgbéyàwó ara rẹ̀, ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ọ̀rẹ́ náà ya gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gé orí bàbá mi kúrò nínú gbogbo ibi tí wọ́n ti yọ. Agbádá wọn ń ṣàdúrà, agbádá wọn ń gba ìkíni, agbádá wọn ń sunkún. Bàbá Tíṣà rẹ́rìn-ín wọ sàréè lórí kásẹ́ẹ̀tì yẹn.

Bàbá mi náà ti lọ. Sìkírá àti Wàhábì ṣì wà ní Ìbarà, wọ́n ti ń darúgbó, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tó yẹ kó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Èmi ń gbé ní Adigbẹ, nínú ilé tí tẹlifíṣàn rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Ọmọ mi Fàtímọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wá jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n á máa jiyàn lórí fíìmù tí sinimatógíráfì rẹ̀, ìyẹn àwòrán yíyà rẹ̀, dáa jù. Wọ́n ń pe léńsì, wọ́n ń pe fúrémù, wọ́n ń pe nǹkan tí mi ò mọ̀, wọ́n sì ń na ìka síra wọn lójú. Mo máa ń jókòó nínú kíṣìnì gbọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ń ka pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò kàn tíì mọ̀ ni.

Láìpẹ́ yìí, Fàtímọ̀ ní kí n wá wo fíìmù kúkúrú kan tí "ẹnì kan" yà. Mo jókòó. Bàbá àgbà kan ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ àtíbàbà, òjò ń rọ̀, gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni mò ń rí lára bàbá náà. Mi ò mọ ìgbà tí mo mú rimóòtù. Mi ò mọ ìgbà tí mo rí ibi tí kọ́lọ̀ wà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pupa, ó ń pupa lọ, ara mi sì ń balẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," Fàtímọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe yà á."

Mo wo ọwọ́ mi. Ọmọ kékeré kan wà ní Ìjẹmọ̀ nígbà kan, kò ní tẹlifíṣàn, kò ní rimóòtù, ó sì bẹ̀rù bẹ́líìtì dé eegun, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó dín kọ́lọ̀ kù lójú àgbà mẹ́ta, ó dín in kù. Èmi rèé, mo ra tẹlifíṣàn fúnra mi, kò sẹ́ni tó lè nà mí, ọmọ mi sì mú iṣẹ́ ẹnì kan wá hàn mí fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ti fẹ́ tẹ iṣẹ́ náà bọ epo. Ojú tì mí. Ọmọ yẹn lójú jù mí lọ, ó sì láyà jù mí lọ. Mo dá kọ́lọ̀ padà síbi tó wà.

Nígbà tí fíìmù parí, tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Fàtímọ̀ yára na ọwọ́ sí rimóòtù. Ó yára jù. Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo gbé gíláàsì mi wọjú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi Bàbá Tíṣà. Bí mo bá ti ka ọ̀kan tán, mi ò wo tẹlifíṣàn mọ́. Ojú ọmọ mi ni mò ń wò, kí n lè mọ orúkọ ọmọkùnrin tó máa mú un bojú wolẹ̀.